Ògiri Tó Wà Láàárín Ilé Méjì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ní Calgary, ní Kánádà níhìn-ín. Ọkọ mi ti kú, òun náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn bo ohun tó ṣe mọ́lẹ̀.

Òun àti ọkọ mi ra ilé méjì tó so pọ̀. Òun mú apá ọ̀tún, àwa mú apá òsì. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́ ló kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nílùú tirẹ̀: bíríkì pupa, òrùlé kan, ilẹ̀kùn àbáwọlé méjì tó fara kanra. Fèrèsé tiwa àti tiwọn jọra bí ẹni ń wo dígí. Ògiri kan ṣoṣo ló pín wa, òun náà ló sì gbé wa dúró. Inú rẹ̀ ni orí àwọn igi tó gbé yàrá òkè ilé méjèèjì wọ̀ sí. Mo mọ̀, torí mo gboyè nínú yíya àwòrán ilé kí n tó fẹ́ ọkọ mi.

Lọ́jọ́ tí a ṣílé, níwájú àwọn àlejò, ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lu ògiri náà. “Ọmọ ìyá kì í fi ògiri pínlé. A máa la ilẹ̀kùn síbí, kó di agbo ilé kan.” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ògiri yìí ló gbé ilé. Tẹ́ ẹ bá dá a lu láìfi irin gbé e, ó máa sán, á lanu.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ìyàwó wa! Ó ti di injiníà! Ìyàwó, lọ bá wa wo ìrẹsì lórí iná, òun ló ń jóná.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń wo bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n dá ògiri náà lu. Látìgbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ilé ìdáná mi. Kí snow ọdún yẹn tó yọ́, ògiri lanu láti orí ihò náà dé yàrá tí a ń sùn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi pẹ́ńsùlù ṣàmì síbi tó dé. Bí mo bá fi han ọkọ mi, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí lo fẹ́ kí n sọ?”

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo tó gba ẹ̀gbọ́n síṣẹ́ dá a dúró, ó sì fẹ́ ta apá tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á mú ayẹléwò wá, ẹni tó ń yẹ ilé wò kí wọ́n tó rà á. Ọkùnrin náà wo ihò náà, ó wo òkè, ó ní kò séwu kankan tó tó ìyẹn. Oníbàárà sá. Ẹ̀gbọ́n kó ìdílé rẹ̀ lọ sílùú mìíràn, báńkì tó yá a lówó ilé gba apá rẹ̀. Ìdajì ògiri náà wá wà lọ́wọ́ báńkì, a kò sì lè tún ìdajì ògiri ṣe. Ta ni yóò ra ilé tó lanu lásìkò tí gbogbo ìlú ń talé? A kò rówó báńkì san mọ́, wọ́n gba tiwa náà; bí ilé mi ṣe lọ nìyẹn. A kó lọ sínú basement kan, yàrá abẹ́ ilé onílé, ní àdúgbò Temple.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí, mo gbé omi fún un. Mo wá bi í bóyá ó tiẹ̀ mọ̀ rárá pé ògiri yẹn kò ní lè gbé ilé mọ́ tí wọ́n bá dá a lu.

Ó mu omi náà tán, ó gbé ife kalẹ̀.

“Mo mọ̀, ìyàwó. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú àlejò lo ti sọ ọ́. Ṣé kí n wá gbà níwájú wọn pé ìyàwó àbúrò mi gbọ́n jù mí lọ ni?”