Ọ̀bọ Tí A Kò Gbọdọ̀ Dè

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tíṣà ní Igbó-Ọrà, ọmọ ọ̀bọ kan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì ni, níbi tí a ti máa ń kún inú yàrá títí a ó fi máa bára wa jà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ará ilé tí mo wá bá kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n á kí mi, n óò dáhùn, n óò sì tilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọn á rí i pé n kò lọ́rọ̀ sọ.

Ọdẹ kan ló ta ọ̀bọ náà fún mi lọ́nà Èrúwà. Ó ti pa ìyá rẹ̀. Mo fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí mo bá ti iléèwé dé, á di ìka mi mú, inú mi á dùn, lẹ́yìn náà ojú á tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló sọ pé ìjọba lè gbà á lọ́wọ́ mi bí n kò bá ní láísẹ́ǹsì. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó ní Èrúwà. Ọ̀gá ibẹ̀ wò mí títí.

"Ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá o, sà."

"Ẹ fẹ́ tà á?"

"Mo kàn ń sìn ín ni, sà."

"Tíṣà, ìyàwó ló yẹ kẹ́ ẹ wá gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ o!"

Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ṣàlàyé òfin. Ọ̀bọ náà gbọ́dọ̀ wà nínú àgò onírin, tàbí kí ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. Òun á wá fojú ara òun rí i lọ́jọ́ ọjà kí òun tó fọwọ́ síwèé.

Mo ra ẹ̀wọ̀n bọ̀. Onílé mi, Ìyá Ìbejì, ló kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ mi.

"Tíṣà, ta lo fẹ́ fi ìyẹn dè?"

"Ọ̀bọ mi ni, mà. Òfin ni."

"Kì í ṣe nínú ilé yìí. Ilé tí a bá bí ìbejì sí, a kì í de ọ̀bọ mọ́lẹ̀ níbẹ̀; ẹdun ni, ẹbí ìbejì sì ni ẹdun. Okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, ṣe ni mo ń fojú fò ó."

Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Mo ní bí n kò bá dè é, wọ́n á gbà á. Mo ní bí mo bá tú u, á lọ.

"Á lọ kẹ̀! Èmi tí mò ń kí ọ láràárọ̀, àwọn ọmọ tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ, ta ló so wá mọ́ ọ lẹ́sẹ̀?" Ó padà sídìí ẹ̀pà tó ń yan.

Mo ronú pé kí n wá ilé mìíràn. Ẹ̀rù ilé mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kí mi, ló bà mí. Mo tú okùn náà.

Ọ̀bọ jókòó lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gun orí páànù. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọ̀gá aṣọ́gbó dé lọ́jọ́ ọjà.

"Ọ̀bọ yín dà?"

"N kò ní ọ̀bọ mọ́, sà."

"Ta ló wá ni èyí tó wà lókè yìí?"

"Ọ̀gá," Ìyá Ìbejì dá a lóhùn, "àwọn ẹyẹlé náà wà lórí páànù. Ẹ béèrè láísẹ́ǹsì tiwọn náà!" Ó bu ẹ̀pà fún un. Ọ̀gá ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń padà lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀bọ ń lọ jìnnà sí i, kò sì tètè bọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi sójú fèrèsé wá ń gbẹ síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì kọjá pẹ̀lú omi lórí.

"Tíṣà, ṣé o jíire?"

"A dúpẹ́, mà." Mo di ilẹ̀kùn mú, n kò tì í. "Kò tíì wá láti ìjẹta, mà."

"Èmi náà kíyè sí i," ó wí. Ó sọ omi kalẹ̀, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi.