Atẹ́gùn Tó Wọ Ẹ̀yìn Warsini

Ní gbogbo agbègbè Klaten, kò sí ẹsẹ̀ tó mọ ẹ̀wà sóyà í tẹ̀ bí ẹsẹ̀ Warsini. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, bó bá ti wọ inú agbọ̀n ẹ̀wà báyìí, èèpo á máa sá kúrò lára ẹ̀wà bí ẹni tó gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Tempe, ìyẹn ẹ̀wà sóyà sísè tí wọ́n ń dì kó lè hu, tó bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, tó sì hu funfun bí òwú, àwọn ará ìlú kejì á gun kẹ̀kẹ́ wá rà á. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ wà tó kọ̀ láti kú ní ọjọ́ Jímọ̀ nítorí pé ọjọ́ Sátidé ni Warsini máa ń tà.

Láti ọdún mẹ́ta ni ìrora ti sọ ara obìnrin yìí di ilé àyágbé. Lónìí, èjìká ló wà. Lọ́la, ó ti kó lọ sí ìbàdí. Lọ́túnla, ó ti pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́tàdínlógún. Bó sun oorun wákàtí mẹ́wàá, á jí bí ẹni tó fi gbogbo òru la igi. Kùrukùru gba orí rẹ̀ náà: lọ́jọ́ kan ó wá ṣíbí títí, àṣé ẹnu rẹ̀ ló wà.

Nílé Sarju ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó rárá. Atẹ́gùn ló wọlé sí i lára. Bí orí fọ́ni níbẹ̀, atẹ́gùn ni; bí inú kùn, atẹ́gùn ni; bí igi wó pa èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wọ ẹ̀wù òtútù. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju kí wọ́n fi òróró pa ẹ̀yìn aláìsàn, kí wọ́n fi etí owó onírin ha á títí yóò fi pọ́n ní ìlà-ìlà. Bó bá ti pọ́n, ẹ̀rí dé: atẹ́gùn ń jáde nìyẹn.

Tukinem, ẹ̀gbọ́n Sarju lóbìnrin, ni ọ̀gá àwọn tó ń ha ẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kó má yọjú. Ẹlòmíì á sùn lọ fọnfọn lábẹ́ owó náà, ṣùgbọ́n lára Warsini, bí ẹni ń fi ayùn wẹ̀ fúnni ni.

Dókítà Prameswari ní ilé ìwòsàn abúlé tẹ ara rẹ̀ wò káàkiri, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní faibromayálíjíà ni.

“Ìyá, ẹ ò purọ́, ìrora yín wà lóòótọ́. Iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ló ń pariwo jù. Bí wọ́n fọwọ́ kàn yín, á ní wọ́n lù yín.”

Ó fún un ní oògùn alẹ́. Ó ní kó máa sùn lákòókò kan náà, kó máa rìn díẹ̀ láràárọ̀, kó sì máa dá iṣẹ́ dúró kó tó rẹ̀ ẹ́. “Kò ní lọ pátápátá o, ṣùgbọ́n ó lè rọlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ha ẹ̀yìn yín mọ́.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tukinem dé pẹ̀lú òróró, Warsini sì rò ó fún un.

“Iṣan ń pariwo?” Tukinem pàtẹ́wọ́. “Sarju, ṣé ìwọ gbọ́ ariwo kankan?”

“N ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìyàwó wa, ẹ̀yìn rẹ pọ́n bí ata lánàá! Tó bá jẹ́ atẹ́gùn ni, dojú bolẹ̀ kí n ha ọ́. Tí kì í bá ṣe atẹ́gùn, ọ̀lẹ ni. Bọ́ sínú agbọ̀n láàárọ̀ ọ̀la, kó o tẹ ẹ̀wà títí dọ̀sán.”

Warsini yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Lastri, kí lẹ wí?”

Sarju ń wo àjà ilé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ èsì sí. “Ẹ̀yìn tó bá pọ́n… ó pọ́n náà ni.”

Warsini mọ̀ pé yálà ayùn lálaalẹ́ tàbí agbọ̀n lójoojúmọ́, òun kò ní rí oṣù náà parí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ara yín le?”

“Èmi? Atẹ́gùn tó bá rí mi lọ́nà, ṣe ló ń yà bàrá!”

“Ẹ jẹ́ kí n ha tiyín wò nígbà náà, kí Bàbá Lastri lè rí ẹ̀yìn tí kò ní atẹ́gùn. Kò kúkú ní pọ́n.”

Ìgbéraga kò jẹ́ kí Tukinem rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kẹ̀yìn síta. Warsini ha ìlà mẹ́ta péré.

“Yéè!” Sarju fò dìde. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó pọ́n ju ti ìyàwó mi lọ!”

“Irọ́ ni!”

Painah, aládùúgbò wọn tó wá tọrọ aáyù, na ọrùn wò ó. “Háà! Èyí kì í ṣe atẹ́gùn, ìjì ni!” Ó ti sáré jáde. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, obìnrin márùn-ún ti dé, olúkúlùkù pẹ̀lú owó onírin lọ́wọ́, ọ̀kan gbé omi atalẹ̀ gbígbóná dání. Wọ́n di Tukinem mú.

“Ẹ fi mí sílẹ̀! Ara mi le! Ẹ̀yìn ta lẹ máa fi owó ha tí kò ní pọ́n?”

Warsini gbé owó onírin náà kalẹ̀.

“Ẹ tún un sọ, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Warsini wí. “Ó dà bíi pé Bàbá Lastri ò gbọ́ dáadáa.”

Sarju gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ sókè tó bọ́ sínú agbọ̀n; ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin kí oòrùn tó yọ. Warsini jókòó sórí àpótí, ó di tempe mẹ́wàá, ó sì dìde lọ rìn létí oko ìrẹsì nígbà tí agbára àtidì mẹ́wàá mìíràn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ó ń dùn ẹ́?” Sarju kígbe láti inú agbọ̀n.

“Ó ń dùn mí díẹ̀.”

“Ó dáa. Rọra máa lọ.”

Kò sì sọ pé kó kẹ̀yìn kí òun wò bóyá ó pọ́n.