Ojú-Ìwé Kan fún Noreen

Merv Stannage kì í kọ nǹkan sílẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ẹnìkan yóò bá rì sómi nínú ìtàn rẹ̀, òun náà á wọ omi lọ ní etíkun Sandy Bay, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, nínú òtútù oṣù Keje. Àwọn ará àdúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Bóyá.

Òun ló kọ ìwé alàwòrán Aṣọ́-Èbúté, ìtàn òkú atukọ̀ tó ń ṣọ́ èbúté ìlú wọn, Hobart. Noreen Pybus ló ń ya àwòrán rẹ̀. Ṣáájú wọn, ẹ̀ṣẹ́ àti ìbọn nìkan ló kún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Merv á kọ odindi ojú-ìwé méjì láti júwe àwòrán kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: irú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, ohun tí atukọ̀ náà jẹ kó tó kú. Noreen á kà á tán, á fa ìlà mẹ́ta. Á sì tó.

Nígbà tó yá, Merv sin Aṣọ́-Èbúté nínú ìtàn, ó parí rẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òkú náà. Ilé-iṣẹ́ tó ni ìwé náà ní kó jí i padà, ọjà ń tà. Ó kọ̀. Wọ́n wá ẹlòmíràn kọ ọ́, Noreen sì ya àjíǹde náà. Owó ló ń wá; òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ.

Merv ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára gbogbo rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Kò bá Noreen sọ̀rọ̀ mọ́. Ogún ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọ aṣọ Aṣọ́-Èbúté kiri ìgboro báyìí, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ bàbá onírùngbọ̀n kan kọjá létí omi. Wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà òtútù tó kọjá, Gwenda, ọmọ Noreen, kan ilẹ̀kùn. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ ti dá màmá òun wó. Ó ń béèrè Merv.

Merv fẹ́ bẹ Noreen kó tó kú. Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Ní ilé ìwòsàn, Noreen wo irùngbọ̀n rẹ̀. "Ṣé ẹyẹ ò tíì yé sínú nǹkan yìí?"

"Wọ́n yé, wọ́n pa, wọ́n ti kó lọ."

Ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló sọ.

"O sin òkú yẹn dáadáa," Noreen wí. "Èmi ni mo hú u. Wá sin èmi náà sínú ìwé. Ojú-ìwé kan péré."

Merv nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó lè mọ bí ó ṣe rí. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé bàbá ti ṣubú. Noreen ní kó fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ó wá béèrè ẹni tó máa dúró nínú àwòrán tó máa kẹ́yìn ojú-ìwé náà. Merv ní kò sẹ́nì kan, òkun nìkan ni.

"Irọ́. Ìwọ ni. Má sì rojọ́ níbẹ̀ o, aláròyé. Gbólóhùn kan."

Merv gba ilé lọ, ojú-ìwé náà sì yá a láti kọ. Gbólóhùn kan yẹn ló gbà á lọ́jọ́ púpọ̀.

Nígbà tó padà dé, Noreen kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ti padé. Gwenda ní bóyá ó ṣì ń gbọ́. Merv kà á sókè: ojú ọ̀run, àwọ̀ omi, ọwọ́ obìnrin kan lórí aṣọ ìbora. Ó dé àwòrán tó kẹ́yìn, ó ka gbólóhùn kan yẹn:

"Má bínú, Noreen."

Ọwọ́ Noreen lórí aṣọ ìbora kò mira. Merv tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kò tíì kà á dé àárín tí Noreen fi kú. Gwenda fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní ó ti tó, ó ti lọ.

Merv kà á dé ìsàlẹ̀.