Gìrì Tí Mo Kọ Sínú Káàdì

Àpá iná wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí gìrì gbé mi, tí ìyá mi ki ẹsẹ̀ mi bọ iná kí n lè jí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Òkè-Ògùn nígbà náà, àwọn kan ṣì ń ṣe é.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Òfìkì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà bó, kò yà mí lẹ́nu.

"Gìrì ló gbé e, nọ́ọ̀sì. Ẹ má bínú, a ki ẹsẹ̀ ẹ̀ bọná."

Mo bá a wí nítorí iná. Mo fọ egbò, mo dì í, mo kọ "gìrì" sínú káàdì ìwòsàn rẹ̀, mo dá a padà fún bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Èmi yìí kan náà ni mo máa ń sọ fún àwọn ìyá pé gìrì kì í sábà gbé ọmọ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò tilẹ̀ sunkún, mi ò sì ríran. Mi ò bi ọmọ náà ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n tún dé. Apá òsì ọmọ náà ti wú. Bàbá ní orí igi máńgòrò ló ti já bọ́. Mo ní kó bá mi ra omi wá níta, mo jókòó ti ọmọ náà.

"Gìrì ọjọ́sí yẹn, ṣé ó ti gbé ẹ rí?"

"Gìrì kankan ò gbé mi, mà. Iṣu tí mo sè ló jóná, ni bàbá mi bá ki ẹsẹ̀ mi bọná."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jíṣẹ́. Mi ò bínú, mi ò káàánú, ọwọ́ mi ṣáà ń ṣiṣẹ́. Mo kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣakí, mo sì pe obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé.

Nígbà tó dé, ó ní ọmọ náà kò ní padà sílé. Bàbá kò gbóhùn sókè. Ó yọ káàdì lápò.

"Ẹ wò ó, gìrì ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló kọ ọ́."

Obìnrin náà kà á, ó wò mí.

"Èmi ni mo kọ ọ́," mo ní. "Kì í ṣòótọ́."

Mo kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí Ṣakí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìlerò ló wà báyìí, wọ́n ní apá ti jinná.

Bí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, ọwọ́ mi máa ń kan àpá mi. Oṣù kan gbáko ni ọmọ yẹn tún fi gbé inú ilé náà, tí ìwé tí mo kọ wà lápò bàbá rẹ̀.