Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé

“Ẹ fi ojú yín rí i?”

Bàbá àgbà mi ò gbójú sókè nígbà tó béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú àpótí lẹ́tà rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó fi ń to ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ìka ọwọ́ ọ̀tún sì ń wá lẹ́tà òjé nínú àwọn ihò kéékèèké bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo jẹ. Òórùn íńkì àti kẹrosíìnì kún ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Eléèédú, tó ń ta èédú níkángun àdúgbò wa ní Mushin, jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó fi ìborùn wé ara rẹ̀.

“Bàbá, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọlọ́pàá ti pa ọmọ mi.”

“Gbogbo ayé kọ́ ni mo bi. Ẹ̀yin ni mo bi.”

Ìyá Eléèédú ní rárá, òun ò rí i. Ohun tóun rí ni pé wọ́n ti ọmọ náà àtàwọn mìíràn sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá lójú títì lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́rùn ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lòun ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó jọ ọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹta.

“Ìyẹn la máa tẹ̀ sínú ìwé àlẹ̀mógiri yín,” ni bàbá àgbà wí. “Ohun tẹ́ ẹ rí, ibi tẹ́ ẹ dé, èsì tí wọ́n fún yín. A ó wá béèrè pé níbo ló wà. A ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi ni mò ń gbé, torí iṣẹ́ tíṣà ti gbé àwọn òbí mi lọ sí ìlú míì. Iwájú yàrá tá à ń sùn ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wà, débi pé ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ló máa ń jí mi láràárọ̀: gbì-gàn, gbì-gàn. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé rìsíìtì àti ètò ìsìn ìsìnkú ló sábà máa ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fẹ̀yìn tì, ilé ìtẹ̀wé ìjọba ló ti ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tó to ìwé òfin ilẹ̀ wa nígbà tí òmìnira dé. Òun ló to apá tó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ní òdì, bí wọ́n ṣe ń to òjé kó tó lè jáde dáadáa lórí bébà. Ó mọ̀ ọ́n bí bíríkìlà ṣe mọ ilé tó kọ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ìlà tó sọ ẹ̀tọ́ kì í gùn. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ṣùgbọ́n”, ló ń jẹ lẹ́tà.

Àǹtí aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwa, yọjú wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn pákó.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ yín síbẹ̀ o.”

“Òfin ní kí atẹ̀wé fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sísàlẹ̀ ohun tó bá tẹ̀.”

“Òfin wo? Nígbà ìjọba sọ́jà! Àwọn atẹ̀wé mẹ́ta tí Ìyá ti lọ bá, ṣé wọn ò mọ òfin ni?”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni wọn ò ṣe tẹ̀ ẹ́.”

Àǹtí pòṣé. “Ẹ kúkú fi fọ́tò yín sí i, kí wọ́n má baà ṣìnà.”

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní bóun bá yọ orúkọ òun, wọ́n ti rí ẹ̀ṣẹ̀ kà sóun lọ́rùn kí wọ́n tó ka ìwé náà rárá. Lẹ́tà tó kéré jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ló fi to orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ó tò ó.

Igba ìwé la tẹ̀. A fi wọ́n kọ́ sórí okùn kí íńkì lè gbẹ. Ìyá Eléèédú po ògì gbígbóná, ó fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri àti òpó iná títí dé Ojú Ẹlẹ́gbà.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọlọ́pàá mẹ́ta dé. Mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì wọn gbé ìwé náà sókè.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ tẹ èyí?”

“Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ yẹn.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ tẹ irú nǹkan báyìí?”

“Èwo ni irọ́ nínú ẹ̀? Ẹ fi hàn mí.”

Sájẹ́ǹtì wò ó títí. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí kò sùn. “Bàbá, kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni. Wọ́n ní ká mú yín wá ni.”

“Lábẹ́ òfin wo?”

“Dìkíríì ìjọba sọ́jà.”

“Dìkíríì máa ń ní nọ́ńbà. Èwo ni?”

“Bàbá, ẹ wọ bàtà yín.”

Àwọn méjì yòókù fẹ́ kó ẹ̀rí. Wọn ò rí irú àpótí lẹ́tà yẹn rí. Mo rò pé wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ míì ti wà nínú àwọn ihò náà, tó kàn ń dúró de bébà. Wọ́n fa àwọn pákó oníhò náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, àmì ohùn, nọ́ńbà. Ó dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Bàbá àgbà, tí kò tíì gbóhùn sókè látìgbà tí wọ́n dé, ké “Yéè!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìwé òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ní kí wọ́n tètè gbé ẹni tí wọ́n bá mú lọ síwájú adájọ́. Kò sẹ́ni tó gbé e dé iwájú ẹnikẹ́ni. Àǹtí aránṣọ ló ń gbé oúnjẹ lọ, òun náà ló ń sùn tì mí. Nígbà tí bàbá àgbà dé, ó ní wọn ò lu òun. Ó wẹ̀, ó sì sùn di ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n wá ju àwọn àpò náà sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé oṣù méjì tí wọ́n ti mú ọmọ Ìyá Eléèédú nígbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àdúgbò, ó gbẹ bí igi ìdáná. Ó ní ọ̀gá ọlọ́pàá kan wá láàárọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó pe orúkọ òun, ó ní kóun máa lọ. Ìwé wo? Kò rí ohun tó wà lára rẹ̀. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lè jẹ́ ìwé tiwa. Ó lè jẹ́ pé àhámọ́ ti kún, tí wọ́n fẹ́ dín èrò kù. Mi ò lè sọ pé àwa la tú u sílẹ̀, bàbá àgbà náà ò sì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kí oṣù yẹn tó parí, ìyá àti ọmọ ti kó kúrò ládùúgbò láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí bú wọn dáadáa.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni bàbá àgbà wí. “Ẹni tó ti ọ̀hún bọ̀ kì í fẹ́ rántí ọ̀nà.”

Gbogbo ọyẹ́ ọdún yẹn la fi ṣa lẹ́tà padà sínú ihò wọn. Tí mo bá ti iléèwé dé, màá bá a lórí ẹní, ó ti da ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀, ó ń mú wọn súnmọ́ ojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wa méjèèjì dúdú. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ká ní ó yọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́?

“Wọn ì bá wá atẹ̀wé kiri, wọn ì bá sì mú ẹlòmíì.” Ó nu ojú rẹ̀ nù. “Ó rẹ̀ mí, ìyá mi. Bá mi wo èyí.”

Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo ka apá ìwé òfin yẹn fúnra mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní asán ni gbogbo rẹ̀. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀, torí mo rí i tí sájẹ́ǹtì kan wá ẹ̀sùn lára bàbá arúgbó, tí kò rí ọ̀kan tó lè fẹnu sọ. Àwọn míì ní ó ń dáàbò bò wá. Ìyẹn náà ò rọrùn fún mi láti gbà. Ohun tó dá mi lójú kéré sí ti àwọn méjèèjì: ẹ̀tọ́ tí èèyàn bá lò máa ń tán èèyàn lókun, kì í sì í ṣe ẹni tó jàǹfààní rẹ̀ ló sábà máa ń rẹ̀.

Àpò lẹ́tà kan tá ò tíì ṣà ṣì kù nílẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà kú. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà báyìí, ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Mi ò tíì lè dà á nù. Mi ò sì tíì jókòó tì í.