Wọ́n Dárúkọ Ajá

Òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì tí a fi ń nu ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹ ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Ibẹ̀ ni mo sá wá lẹ́yìn tí èmi àti yunifásítì kọ ara wa sílẹ̀, ìwé lọ sọ́tùn-ún, orí mi lọ sósì. Ni wọ́n bá sọ mí ní Prófẹ́sọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ ni kí n máa túmọ̀ ìròyìn òyìnbó orí tẹlifíṣọ̀n fún màmá tó ń bá wa to ìwé. Ọmọbìnrin ẹ̀ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lẹ́bánónì. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í já níbẹ̀, nọ́ńbà ọmọ ò lọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú ìròyìn, wọ́n dárúkọ òyìnbó méjì tó fara pa níbẹ̀, wọ́n sọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn. Wọ́n fi ajá kan hàn tí wọ́n yọ lábẹ́ àwókù ilé, wọ́n dárúkọ ajá. Wọ́n wá ní, àti àwọn òṣìṣẹ́ kan láti ilẹ̀ mìíràn. Ó parí. Bọ́ọ̀lù ló kàn.

“Ṣé ọmọ mi wà nínú àwọn kan yẹn?”

“Wọn ò sọ, mà.”

“Wọ́n ṣáà sọ ti ajá.” Màmá ronú díẹ̀. “Fótò ajá yẹn mọ́lẹ̀. Wọn ò ní fótò ọmọ mi ni. Prófẹ́sọ̀, bá mi tẹ tiẹ̀ kó dáa, kó o fi ránṣẹ́ sí wọn.”

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fótò. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gba fótò pásípọ́ọ̀tù tó ti rún lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo rírún kúrò lójú ọmọ náà, mo kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sábẹ́, mo fi ránṣẹ́. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, èsì dé: ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Òmùgọ̀ bíi tèmi pàápàá mọ ìyẹn.

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ti rí i, mà.”

Màmá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi tí àbígbẹ̀yìn ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ọmọ ò tíì pè títí dòní. Màmá ṣì ń to ìwé, ó ṣì ń wo ìròyìn, ó ní wọ́n máa tó gbé fótò ọmọ òun jáde. Mo máa ń bú àwọn oníròyìn yẹn pé ojúsàájú wọn pọ̀, mi ò sì tíì jáwọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò parọ́ fún màmá, wọn ò kàn ka ọmọ ẹ̀ sí ni. Irọ́ ibẹ̀, èmi ni mo pa á, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa kó irọ́ náà jẹ lójú ẹ̀.