Àmì Inú Ìdérí Aago

Bí bàbá mi bá ti tún aago ẹnikẹ́ni ṣe tán ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Oǹdó, kí wọ́n tó dé e padà, wọn yóò mú abẹ́rẹ́, wọn yóò fi ha ìlà tín-ín-rín méjì sí inú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà kan ni bàbá àgbà, tó kọ́ wọn níṣẹ́, máa ń ha. Ẹni tó ni aago kò ní rí i láyé. Atúnaagoṣe mìíràn tó bá tún un ṣí lọ́jọ́ iwájú nìkan ló máa rí i, yóò sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bi léèrè bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé ó wà níbẹ̀; nítorí èyí, àwọn àgbẹ̀ tó ń ti Bọ́lọ́rundúró wọ̀lú máa ń fi aago wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi láìbéèrè rìsíìtì.

Mo fẹ́ràn àwọn ìlà wọ̀nyẹn kọjá ààlà. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá mi ń wẹ̀, mo jí aago ọwọ́ wọn, mo fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ha òdo wọ́gọwọ̀gọ kan sí i. Aago kú fin-ín. Wọn kò nà mí, ṣùgbọ́n wọ́n lé mi kúrò nídìí tábìlì iṣẹ́ wọn. Èmi náà lórí kunkun, n kò padà síbẹ̀ mọ́. Mo kàwé, mo di olùkọ́ ní Àkúrẹ́.

Ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aago tèmi. Òkè òkun ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti ń wá, n kò ní purọ́. Àmọ́ èmi ni mo ya ojú rẹ̀, oníbàtà kan ládùúgbò mi ló ń gé awọ okùn rẹ̀, pálọ̀ mi ni mo sì ti ń tò ó pọ̀. Mo tẹ ìlà méjì bàbá mi sí ojú aago náà gàdàgbà. N kò bi wọ́n léèrè. Mo rò pé inú wọn á dùn ni.

Mo gbé àkọ́kọ́ lọ sí Oǹdó. Wọ́n há awò kékeré wọn sójú, wọ́n wò ó títí.

“Ó dára, ọma mi,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n yọ àmì mi kúrò.”

“Kí ló dé, sà?”

“Ìlérí ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Èmi kọ́ ni mo tò ó. Bó bá kú, ta ni wọn yóò bi?”

Inú bí mi. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu yẹn. Odindi páálí ojú aago kan ni mo ti tẹ̀. Títí mo fi dé Àkúrẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé bí bàbá mi kò bá fọwọ́ sí i, n óò pa iṣẹ́ náà tì. Mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ láìsí wọn.

Oṣù méjì ni mo fi ṣe kùnrùngbùn. Nígbà tó yá, mo tẹ ojú aago òmíràn, láìsí àmì kankan, mo sì tò ó pọ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ojú rẹ̀ tuntun yìí mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo padà sí Oǹdó, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì gbé e fún bàbá mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àmì yín sí inú.”

Wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi kí n rí i. Ó ti ń gbọ̀n báyìí.

“Ìwọ lo tò ó. Ha tìrẹ.”

“N kò ní àmì, sà.”

Wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn, èyí tí mo pa nígbà èwe mi, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n ṣì ń so. Wọ́n ní kí n ṣí i. Ìlà bàbá àgbà wà níbẹ̀. Ìlà méjì-méjì ti bàbá mi pọ̀ níbẹ̀, láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Òdo mi sì wà láàárín gbogbo wọn. Mo ti rò pé wọ́n ti ha á dànù tipẹ́. Gbogbo ìlà tí wọ́n fà lẹ́yìn rẹ̀ ló yà fún un, ọ̀kan kò kàn án.

“O kò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn,” ni bàbá mi wí, “ṣùgbọ́n o ti fọwọ́ sí i.”

Mo sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mú abẹ́rẹ́, mo ha òdo kan sínú ìdérí aago tuntun náà. Ó tún wọ́ díẹ̀. Bàbá mi ní kí n má tún un ṣe.